Gáàsì Kì Í Tán, Jíjò Ló Ń Jò

Lọ́dọọdún, bí oòrùn oṣù kẹta bá ti ń mú ganrínganrín, ìpè kan máa ń wọlé sórí fóònù wa láti Ọ̀kà. Màámi ni. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, AC yín mà tún ti ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná o." A ó pe arákùnrin kan tó ń tún AC ṣe ní Ìkàrẹ́. Òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á gun ọ̀kadà, wọn á gba Àkùngbá kọjá, sílíńdà kékeré kan á wà láàárín wọn. Bí wọ́n bá dé, ọ̀gá á fọwọ́ kan páìpù, á mi orí, á ní, "Gáàsì ló tán, Mà." Yóò tú ẹnu páìpù, ìyókù gáàsì tó wà nínú rẹ̀ á sá jáde, ṣííí, bí ìgbà tí ejò bá ń fọn. Yóò rọ tuntun sí i. Atẹ́gùn tútù á dé, Màámi á ṣàdúrà fún un, àwa á fi owó ránṣẹ́. Ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kẹrin, ó bọ́ sí àkókò tí a wà nílé. A ní kí ọmọ iṣẹ́ náà po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi, kó fi kànìnkànìn pa á sí gbogbo oríkèé páìpù, láti inú yàrá dé ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó dé ìdí nọ́ọ̀tì kan tó wà lára apá ẹ̀rọ tó wà níta, ọṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í hó fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Etí páìpù tó wọ inú rẹ̀ ti sán. Wọ́n gé e, wọ́n ṣe etí tuntun sí i, wọ́n dè é padà. Iṣẹ́ náà kò gbà tó wákàtí kan. Owó tí a ti ná lórí gáàsì fún ọdún mẹ́ta, ojú ọ̀run ni gbogbo rẹ̀ lọ.

Ojú tì wá, ìdí rẹ̀ sì rèé. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà la kà ní yunifásítì, kíkọ ètò orí kọ̀ǹpútà la sì fi ń jẹun. Nínú iṣẹ́ wa, àṣìṣe kan wà tí a máa ń bá ọmọ tuntun wí lé lórí: ètò kan á máa gba àyè nínú kọ̀ǹpútà láì dá a padà, títí kọ̀ǹpútà á fi dákú. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á ní ká ra àyè sí i. Tàbí kó máa pa kọ̀ǹpútà, kó máa tàn án padà ní gbogbo òru, kó ní òun ti tún un ṣe. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á jókòó, á wá ibi tó ti ń jò. Àwa tí a mọ èyí lójú kọ̀ǹpútà, ọdún mẹ́ta la fi ń sanwó kí wọ́n máa bu omi sínú ajere fún wa.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. "Gáàsì ti tán" ni irọ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ ilé púpọ̀ ní Àkókó, tó sì tún ń ba ojú ọ̀run jẹ́. Gáàsì tuntun ń bọ̀, àwọn tí wọ́n ní kò ní ba ayé jẹ́ tó ti àtijọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́kọ́ pa irọ́ yìí, gáàsì tuntun kò ní ṣe wá lóore. Yóò jò bí ti àtijọ́ ṣe jò, yóò sì tún lè gbiná.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí gáàsì yìí ń ṣe gan-an, torí àìmọ̀ ni irọ́ náà ń jẹ yó. Àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ ọ́n kí iná mànàmáná tó dé. Ìdí tí omi inú àmù fi ń tutù ni pé díẹ̀díẹ̀ ni omi ń gba ara amọ̀ jáde, tó ń di oru, oru náà a sì máa gbé ooru lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú AC náà nìyẹn, àfi pé a kò jẹ́ kí oru tiwa lọ. Inú páìpù bàbà tí a dí pa ló wà. Nínú yàrá, gáàsì á kúrò ní olómi, á di oru, á sì gba ooru yàrá mọ́ra. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á fún un pọ̀, á tì í lọ síta. Ibẹ̀ ni yóò ti tú ooru náà dà sẹ́yìn ilé, tí yóò tún di olómi, tí yóò tún padà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po, ọdún lé ọdún.

Kì í jóná bí epo bẹntiróò, kì í sì í gbẹ bí omi bátìrì. Ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀rọ ni. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ dé ọsibítù, tí dókítà kàn ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́dọọdún, tí kò béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde, ṣé a máa ṣàdúrà fún dókítà yẹn? Ẹ̀rọ tí a bá dè dáadáa lè lo ọdún mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni má rọ gáàsì kankan sí i. Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé gáàsì tán, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé páìpù lu. Ìbéèrè tó kù ni pé, ibo ló ti lu?

Ibo wá ni gáàsì tó jò ń lọ? Èyí tó wà nínú AC Màámi ni wọ́n ń pè ní R-22. Kílò kan rẹ̀, bó bá bọ́ sójú ọ̀run, ń mú ayé gbóná tó kílò 1,810 carbon dioxide, ìyẹn èéfín tó ń ti ẹnu ẹ́ńjìnnì jáde, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. R-410A tó wà nínú ọ̀pọ̀ AC tí àwọn ènìyàn ń rà ní tuntun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: tirẹ̀ jẹ́ 2,088. Ẹ jẹ́ ká gbé e sórí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Lítà epo bẹntiróò kan, bó bá jóná tán, ń tú carbon dioxide tó kílò 2.3 jáde. Kílò kan R-410A tó bá sá lọ wá dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bíi lítà epo 900. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour", tí táǹkì rẹ̀ ń gba bíi lítà mẹ́rin, ìgbà 225 la máa rọ epo kún un kó tó ṣe ohun tí kílò kan gáàsì yìí ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú tí oníṣẹ́ AC fi tú ẹnu páìpù. Kílò kan yẹn sì ni nǹkan bí AC yàrá kan ṣe ń gbà.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ ń dí wa létí, èéfín rẹ̀ ń ta wá nímú, ìdí nìyẹn tí a fi ń bú u. Gáàsì AC kò láwọ̀, kò sì ní ariwo ju ṣííí yẹn lọ. Ohun tí ojú kò bá rí, ẹnu kì í bú.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní àtúnṣe. Ayé ti ja irú ogun yìí rí, ó sì ṣẹ́gun. Gáàsì tó wà nínú fíríìjì àwọn bàbá wa ni R-12. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ lè ba ozone jẹ́, ìbòrí tó wà lókè ọ̀run tó ń gba oró oòrùn dúró fún wa. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ìbòrí náà ti ń fà tín-ín-rín gidigidi lókè Antarctica. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Montreal, ní Kánádà. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní 1988. Nígbà tó fi di 2010, àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa náà ti kọ R-12 sílẹ̀. Ìròyìn tí àwọn onímọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 2022 sọ pé bí a bá ń bá a lọ báyìí, ìbòrí náà yóò padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní ibi púpọ̀ láyé tó bá di nǹkan bíi 2040, ti Antarctica yóò sì di nǹkan bíi 2066. Àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ìkàrẹ́ wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ ńlá yìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Gáàsì yí padà lọ́wọ́ wọn, omi tútù kò sì tìtorí rẹ̀ wọ́n wa.

Ṣùgbọ́n ibi tí a ti yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ẹ̀gún la tún tẹ̀. R-22 tó kù lẹ́yìn R-12 ṣì ń ba ozone jẹ́ díẹ̀, ó sì ń mú ayé gbóná. R-410A tó tẹ̀ lé e kò fọwọ́ kan ozone, ṣùgbọ́n ooru tirẹ̀ pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi tún pàdé ní Kigali, ní Rwanda, ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, láti dín irú gáàsì bẹ́ẹ̀ kù. Ìròyìn 2022 yẹn kan náà sọ pé àdéhùn Kigali nìkan lè gba ayé lọ́wọ́ ooru tó tó 0.3 sí 0.5 dígírì kí ọgọ́rùn-ún ọdún yìí tó parí. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá ọdún 2018.

Gáàsì méjì ló wá wà níwájú wa nínú AC ilé. Èkíní ni R-32, tí agbára ìmúgbóná rẹ̀ jẹ́ 675, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti R-410A. Èkejì ni R-290. Bí orúkọ rẹ̀ ṣe dún tó yẹn, propane lásán ni, ọ̀kan lára ohun tó wà nínú sílíńdà tí Màámi fi ń se ọbẹ̀. Tirẹ̀ kò ju 3 lọ. Ẹ tún un kà: láti 2,088 bọ́ sí 3. Kílò kan rẹ̀ tó bá jò kò ju bíi lítà epo kan àti díẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kan wà tẹ́lẹ̀ nínú ilé wa tó ń lo ìbátan rẹ̀: ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun, ẹ ó rí R-600a níbẹ̀. Ọmọ ìyá propane nìyẹn.

Ta ló wá ń dí wa lọ́nà?

Àkọ́kọ́ ni ọjà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, Amẹ́ríkà kò gba kí wọ́n ṣe AC ilé tuntun tó ń lo R-410A tàbí kí wọ́n kó o wọlé mọ́. Yúróòpù náà ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ọjà tí wọn kò gbà nílé wọn mọ́, ibo lẹ rò pé yóò wá? Ní 2020, àjọ méjì kan, CLASP àti IGSD, gbé ìròyìn jáde lórí AC tí wọ́n ń tà ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn. Wọ́n rí i pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀rọ náà tó jẹ́ ajẹná, tí gáàsì inú wọn sì ti di ohun àtijọ́. Ààtàn ni kì í kọ ìdọ̀tí. Ghana kọ̀ láti di ààtàn: láti 2013 ni wọ́n ti fòfin de kíkó fíríìjì àti AC tòkunbọ̀ wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni tó na ìka sí ìjọba, ẹ jẹ́ ká na tiwa sí ara wa. AC Màámi, àwa la rà á. Ní Èkó la ti rí i, tòkunbọ̀ ni. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti tuntun, inú wa sì dùn pé a fi nǹkan ńlá ránṣẹ́ sílé. Ohun tí àwọn kan ti lò gbó, tí wọ́n tì dànù, la dì sínú mọ́tò, tí a gbà ọ̀nà Ọ̀wọ̀ gbé gun òkè Àkókó, tí a sì pè é ní ẹ̀bùn fún ìyá. Irú wa pọ̀. Ọmọ tó wà ní Èkó ń ṣe é, èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe é, onílé tó ń kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkùngbá náà ń ṣe é. Gbogbo wa là ń pe ara wa ní ọmọ rere.

Ìyà rẹ̀ sì ń bọ̀ wá sápò. Lábẹ́ àdéhùn Montreal, R-22 tí orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè lò ti gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 67.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti 2025. Tó bá di 2030, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò kù fún àtúnṣe àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, ìyẹn náà yóò sì dópin ní 2040. Gbogbo ọlọ́jà Ọjà Ọba ní Ìkàrẹ́ ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó ohun tó bá ń ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ R-22 lónìí, gbèsè ló rà. Ẹ̀rọ tí gáàsì rẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀ kì í sinmi: kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ á máa sáré láti àárọ̀ dalẹ́, yàrá kò ní tutù, iná tó ń jẹ á sì máa lé sí i. Bí gáàsì ṣe ń jò lẹ́yìn ilé ni owó ń jò nínú mítà.

Ìdènà kejì ni àwọn àwáwí tí à ń gbọ́. Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní, "Àwọn òyìnbó ló ba ayé jẹ́, kí ló kan Ọ̀kà?" Òótọ́ ni pé àwọn ló bà á jẹ́ jù. Ìdí nìyẹn gan-an tí àdéhùn náà fi fún wa láyè ju tiwọn lọ, tí owó ìrànwọ́ sì fi wà nínú rẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Àmọ́ ẹni tó ba ayé jẹ́ náà ló tún ń ta àlòkù rẹ̀ fún wa. Bí a bá gbà á, a kò jẹ ẹ́ níyà kankan. Ẹrù rẹ̀ la bá a gbé, a tún sanwó fún un pé ó jẹ́ ká gbé e.

Wọ́n ní, "AC kẹ̀? Ní Ọ̀kà orí òkè, níbi tí ọyẹ́ ti ń jẹni léegun?" Ẹni tó bá sọ èyí kò tíì sùn sábẹ́ páànù ní Ìkàrẹ́ ní oṣù kẹta. Kò sì mọ ohun tí ooru ń ṣe fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. A gbà pé kí a kọ́ ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, kí a gbin igi síwájú fèrèsé. Ṣùgbọ́n arúgbó kò ní dúró de igi kó tó sùn.

Wọ́n ní, "Gáàsì tuntun ń gbiná." Èyí nìkan ni kì í ṣe àwáwí, torí òótọ́ ni. R-32 lè gbiná díẹ̀, R-290 ń gbiná gidi. Ṣùgbọ́n ilé tó ń pariwo yìí ní sílíńdà gáàsì ìdáná kílò 12.5 ní ilé ìdáná, gáàsì inú AC R-290 yàrá kan kò sì tó kílò kan. A ti kọ́ bí a ṣe ń bá gáàsì ìdáná gbé: a kì í ṣáná síbi tó bá ń rùn, a máa ń fi ọṣẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Ẹ ò rí nǹkan? Ọṣẹ náà la máa ń lò fún sílíńdà ìdáná, kò wá ṣe é lò fún AC?

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wá gan-an rèé. Oníṣẹ́ tó ti mọ́ lára láti máa tú gáàsì dànù sínú yàrá, tó ń fi iná jó páìpù pọ̀ nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, ohun tó ń ṣe lónìí ti ń pa á lára. R-22 tí iná bá bá ń di èéfín olóró, ọmọ iṣẹ́ tó tẹ orí ba síbẹ̀ ló ń fà á símú. Ẹ gbé àṣà yẹn kan náà lé orí R-290, iná ló máa jẹ́, kì í ṣe ikọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà kí wọ́n rọ propane, áńbọ̀sìbọ́sí gáàsì ìdáná, sínú AC àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún R-22 torí pé ó dín lówó. Wọn kò ṣe wáyà àti bọ́tìnnì ẹ̀rọ yẹn fún gáàsì tó ń gbiná. Ayédèrú gáàsì náà wà, tí wọ́n ń lẹ orúkọ olórúkọ mọ́ ara sílíńdà rẹ̀. Ní 2011, irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ mú kí kọ̀ńténà amóhuntutù bú gbàmù ní èbúté, àwọn òṣìṣẹ́ sì kú. Gáàsì tuntun ń fẹ́ ọwọ́ tuntun.

Ẹ kò ní gbọ́ kí a bú arákùnrin wa ti Ìkàrẹ́. Kì í ṣe olè. Lọ́jọ́ tí a rí ibi tó ń jò, a bi í pé kí ló dé tí kò wá a láti ọdún yìí wá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa sanwó rẹ̀?" Ó ṣàlàyé pé bí òun bá lo wákàtí méjì láti wá ibi tó lu, tí òun sì béèrè owó iṣẹ́, oníbàárà á ní, "Kí lo rọ sí i? Ṣebí ọṣẹ lásán lo fi pa á." Ṣùgbọ́n bí òun bá gbé sílíńdà dání, tí géèjì sì yí, owó á jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ wá lára, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe àwa náà nìyẹn. Oníbàárà á sanwó fún ohun tuntun tó lè rí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Sọ fún un pé o fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan tún ohun tó ti bàjẹ́ nísàlẹ̀ ṣe, á ní o fẹ́ jẹ owó òun lásán. Ohun tí a bá ń sanwó fún la máa rí gbà. Gáàsì là ń sanwó fún, gáàsì ni wọ́n ń tà fún wa. Àwa la kọ́ oníṣẹ́ AC ní irọ́ tó ń pa fún wa.

Nítorí náà, ọwọ́ wa ni àtúnṣe ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Abuja.

Ẹ sanwó fún wíwá ibi tó ń jò. Ẹ dá iye tí ẹ máa san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, yálà gáàsì wọ inú rẹ̀ tàbí kò wọ̀ ọ́. Ẹ má gbà kí wọ́n rọ gáàsì sínú ẹ̀rọ tí wọn kò tíì fi ọṣẹ yẹ̀ wò.

Ẹ ka ara ẹ̀rọ kí ẹ tó rà á. Pátákó kékeré kan máa ń wà lára apá tó ń gbé níta, a máa ń kọ R-22, R-410A, R-32 tàbí R-290 síbẹ̀. Bó bá jẹ́ R-22, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Bí agbára yín bá ká R-32, ẹ rà á. Bí ẹ bá rí R-290, tí ẹ sì rí oníṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ẹ má wo ẹ̀yìn. Àwa ọmọ tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, bí owó kò bá tó ra tuntun, ẹ jẹ́ ká ra fáànù tó dára, ká kan àjà sábẹ́ páànù. Ó sàn ju ká gbé àlòkù olówó pọ́ọ́kú fún ìyá ẹni.

Ẹ so káàdì kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ AC yín. Nínú iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ètò láì kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ wo, ta ni, kí ló yí padà, kí ló fà á. Ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ irọ́ nìyẹn, irọ́ àwọn ẹlòmíì àti tiwa. Àwọn kan á rò pé ohun tí àwa ọmọ kọ̀ǹpútà máa sọ ni pé ká ṣe app. A kò fẹ́ app kankan. Páálí kan àti bírò tó: ọjọ́, orúkọ oníṣẹ́, irú gáàsì, gíráàmù tó wọlé, ibi tó ti ń jò. Káàdì tí gáàsì bá wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì ti jẹ́rìí sí i pé ẹnì kan kò ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ AC ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà, ní Àkùngbá, a mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì padà sínú sílíńdà wọ́n, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde náà wọ́n. Agbára ẹnì kan lè má ká a. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ̀sùsú àti àjọ nilẹ̀ wa. Ogún oníṣẹ́ lè dáwó ra ọ̀kan, kí wọ́n máa yá a lò káàkiri. Gáàsì tí ẹ bá fà padà kò ṣòfò. Ohun tí ẹ tú dànù tẹ́lẹ̀, owó ni.

Ìjọba wá gbọ́ tiẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ozone wà ní Abuja lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àyíká, òfin ààbò ozone sì ti wà láti 2009. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní orúkọ wa, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń gun ọ̀kadà kiri Àkókó ni yóò ti ṣẹ tàbí kó bàjẹ́. Kí ẹ̀kọ́ R-32 àti R-290 dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Polí Rufus Giwa wà ní Ọ̀wọ̀, Yunifásítì Adékúnlé Ajásin wà ní Àkùngbá. Àyè kò wọ́n. Kí wọ́n sì kọ́ wọn ní èdè tí wọ́n fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹni tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ iná fún, tí kò sì gbọ́ ọ yé, a kò tíì kìlọ̀ fún un.

AC Màámi ṣì jẹ́ R-22. A kò tíì rí owó pààrọ̀ rẹ̀, a kò sì ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò jò mọ́, káàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá kú, a kò ní wá àlòkù mìíràn fún un.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún wọlé yín, tó fọwọ́ kan páìpù, tó mi orí, tó ní gáàsì tán, ẹ má bá a jà. Ẹ fún un ní àga. Ẹ fún un ní omi mu. Kí ẹ wá fún un ní ọṣẹ.